Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka Mass Comm, ẹ má fi Yorùbá yín sílẹ̀ sílé o

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi nílé ní Òkè-Àró, ó lóun fẹ́ lọ ka Mass Comm (ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn), pé kíka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ló wu òun. Inú mi dùn gan torí iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń ṣe láti ọdún mélòó kan báyìí. Mo bá fa ìwé ìròyìn kan jáde lórí tábìlì, mo ní kó sọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ di Yorùbá fún mi, kó kà á bí ẹni tó wà lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ha, Bọ̀dá, ṣé Yorùbá wà nínú ẹ̀ ni?"

Yorùbá wà nínú ẹ̀ o! Tó bá jẹ́ Akúrẹ́ ńbí lẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́ ìròyìn, Yorùbá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dán yín wò, ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká yára yanjú ti wíwọlé ná. Ẹ nílò kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, èdè òyìnbó gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Nínú JAMB, èdè òyìnbó ni dandan, ẹ wá mú mẹ́ta kún un nínú ẹ̀kọ́ Arts tàbí Social Science, èmi ò sì ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ yọ Literature kúrò. Ẹ lọ yẹ ìwé brochure JAMB wò fún iléèwé tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an torí wọn ò dọ́gba. Ìbéèrè 60 ló wà fún èdè òyìnbó nínú 180, nítorí náà ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ńbí, yunifásítì AAUA ní Àkùngbá ń kọ́ ọ, pólì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ náà ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì gba OND (ìwé ẹ̀rí pólì) tó dáa lè fi Direct Entry wọ yunifásítì tààrà sí 200 level. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wádìí bóyá NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó yunifásítì, ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, tó bá jẹ́ pólì, àjọ NBTE nìyẹn.

Ẹ tún má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. NUC ti tú Mass Comm sí ẹ̀ka-ẹ̀ka nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, ẹ máa rí Journalism, Broadcasting, Public Relations, Advertising, Film and Multimedia, Strategic Communication àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ò bá tíì mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ mú Mass Comm fúnra ẹ̀ níbi tó bá ṣì wà, ó gba gbogbo wọn mọ́ra.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mò ń sọ. Ẹ tan rédíò láàárọ̀ kẹ́ ẹ máa yí i: OSRC, rédíò ìjọba ìpínlẹ̀, wà lórí 96.5, Adaba lórí 88.9, Positive FM lórí 102.5, Orange lórí 94.5, yunifásítì FUTA náà ní tiwọn lórí 93.1. Ẹ wá ka iye ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá. Àgbẹ̀ tó ń gbọ́ wa nínú oko kòkó ní Ìdànrè, ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba, Yorùbá ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ọ. Síbẹ̀ àwọn ọmọ máa lo ọdún mẹ́rin gbáko tí wọ́n á máa fi imú sọ òyìnbó, ọjọ́ tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n ka ìkéde ní Yorùbá, òógùn á bò wọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wà ní IT (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́) nílé iṣẹ́ rédíò kan nígbà yẹn, wọ́n ní kí n ka ìkéde ìsìnkú. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, èèyàn á máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Mo rí 24 níbẹ̀, ẹnu mi sọ pé ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣì í. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù dún, ọmọ olóògbé ni, kò pariwo, ó kàn ń béèrè jẹ́ẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹbí ìyá àwọn ti ń pè pé ṣé wọ́n ti yí ọjọ́ òkú padà ni. Kẹrìndínlógún ni 16, kẹrìnlélógún ni 24, "dín" àti "lé" péré ló wà láàárín wọn. Ohùn ọmọbìnrin yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ìwé kankan wọ sítúdíò láìjẹ́ pé mo ti fi bírò kọ gbogbo nọ́ńbà inú ẹ̀ ní Yorùbá sókè orí ẹ̀, mo sì máa ń fi àmì ohùn sórí orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú, torí Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe owó, ará Ọ̀wọ̀ tó bá gbọ́ ọ á bínú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ ọ nìyí, ẹ má dúró de olùkọ́ kankan. Lójoojúmọ́, ẹ mú ìròyìn kan ṣoṣo tó wà ní òyìnbó, ẹ kà á tán, ẹ yí i dojú dé, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn fún àgbà. Ẹ má túmọ̀ ẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ o, ohun tó ń ba ìròyìn jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ò lè ṣí ìwé padà sẹ́yìn, tí gbólóhùn bá gùn jù, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọ̀rọ̀ nìkan: ètò ìṣúná ni budget, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni House of Assembly, inflation yẹn, ọ̀wọ́n gógó làwọn ìyá ọjà ń pè é. Ọ̀nà iṣẹ́ míì tún wà fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, BBC ṣáà ti ní ẹ̀ka Yorùbá láti 2018.

Nínú kíláàsì, tíọ́rì ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Wọ́n á há a sórí bí ewì, lẹ́yìn ìdánwò wọ́n á gbàgbé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú agenda-setting, tí àwọn onímọ̀ méjì, McCombs àti Shaw, ṣèwádìí ẹ̀ nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti 1968, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972: ohun tí ìròyìn bá tẹnu mọ́, òun làwọn aráàlú máa ń kà sí ọ̀ràn pàtàkì. Ẹ wá lọ dúró láàárọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní títì Ọba Adésídà. Ẹ máa bá àwọn bàbá tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń jiyàn lórí Abuja títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn, kòtò tí ọ̀kadà ń kó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà á torí kò sí lójú ìwé àkọ́kọ́. Agenda-setting nìyẹn, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ìtàn náà, bákan náà. Wọ́n á kọ́ yín pé ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, pé òun nìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Èdè wo ló fi bẹ̀rẹ̀? Yorùbá ni!

Ti gbígba ohùn sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà olówó gọbọi ní ọdún àkọ́kọ́. Fóònù yín tó. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má bàa gé e, ẹ kẹ́yìn sí atẹ́gùn, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ẹ sún fóònù mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pe orúkọ yín?" kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ tún gba ariwo ọjà nìkan sílẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ máa lò ó láti fi bo ibi tẹ́ ẹ bá gé. Audacity lè gé e lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó yọ fóònù jáde o, àgbà tẹ́ ò bá kí ò ní bá yín sọ nǹkan kan tó wúlò.

Òfin náà wà níbẹ̀, ẹ má sùn nínú kíláàsì yẹn. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ìbanilórúkọjẹ́, ẹ ka Broadcasting Code ti NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì mọ FOI Act ti 2011 (òfin ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni) dáadáa: ẹnikẹ́ni, kódà ọmọ iléèwé, lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ 7 sì lòfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ kọ ọ̀kan kẹ́ ẹ tó jáde iléèwé. Ẹ máa mọ nǹkan tí ìwé ò lè kọ́ yín.

Tó bá kan IT, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ mú lẹ́tà iléèwé dání, ẹ má fi fóònù ṣe é, ẹ lọ fúnra yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíkọ ju sísọ lọ, ìwé ìròyìn The Hope wà ní Akúrẹ́ ńbí. Tí wọ́n bá gbà yín sí rédíò, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìdájí àti ti ọjọ́ Sunday táwọn yòókù ń sá fún, ìgbà yẹn lèèyàn kì í pọ̀ ní sítúdíò, tí wọ́n á sì jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan nǹkan.

Ẹ má sì dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé. Lálẹ́ òní, ẹ kọ ìròyìn kan ní Yorùbá, gbólóhùn márùn-ún péré, ẹ gbé e lọ bá ìyá àgbà inú ilé yín, ẹ kà á sí wọn létí. Ibi tí wọ́n bá ti ní "kí lo wí yẹn?", ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kọ.