Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé òwò l'Óṣogbo

Ìwé àdéhùn tí wọ́n tẹ̀ fún yín ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ Ìpínlẹ̀ Èkó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣọ̀wọ́n. Òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 kò dé Òṣogbo, ẹni tó bá sì fi í ṣe odi ti fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń san rẹ́ǹtì lọ́dọọdún láìsí àdéhùn kankan lórí ìgbà tí yóò kó jáde, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀ bá ní oṣù kan, oṣù kan náà ni, bí ẹ tilẹ̀ san owó ọdún kan. Aláró tó gba àyè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó da kọnkéré, tó fa omi wọlé, kí ni yóò bá lọ lọ́sẹ̀ mẹ́rin? Ohun tí ẹ máa ní kí lọ́yà fi sínú ìwé nìyẹn: iye oṣù ìkìlọ̀, àti bóyá owó tí ẹ fi tún ibẹ̀ ṣe máa jáde nínú rẹ́ǹtì.

Òwò ẹni méjì ló le jù. Ẹnì kan mú ₦800,000 wá fún aṣọ funfun àti aró. Ẹnì kejì mú ₦200,000, òun ló sì ń rẹ aṣọ. Bí wọn ò bá ṣe àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, ọgbọọgba ni òfin máa pín èrè, àti àdánù náà. Gbèsè aró tí ọ̀kan lọ jẹ lórúkọ òwò, olówó lè dì mọ́ ẹnì kejì.

Ṣé ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ò gbà wọ́n? Rárá, bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní “limited” lẹ́yìn orúkọ ni gbèsè rẹ̀ ń mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́, sì ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀. Àmọ́ bí báǹkì bá ní kí ẹ ṣe onídùúró fún un, gbèsè ti padà sọ́rùn yín. Ẹni tó ń ta lówó lọ́wọ́, tí kì í ràwìn, orúkọ òwò ti tó fún un, lójú tiwa.

Bí ẹ bá ń lọ bá lọ́yà, ẹ mú ìwé tí ẹ ò tíì tọwọ́ bọ̀ dání, risíìtì, àti ojú ìwé kan tí ẹ kọ ohun tí ẹ ń tà, ẹni tó jẹ yín àti ẹni tí ẹ jẹ sí. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Bó bá dé kóòtù, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ẹ tọ́jú fóònù náà. Ẹ béèrè iye tó máa gbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́yà tó bá ń tẹ̀wé jáde láìbi yín léèrè nǹkan kan, ìwé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà lẹ tún ń fowó gọbọi rà. Bí ẹ ò bá ka Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìwé kí ẹ tó tẹ̀ka.