Bí a ṣe ń gba ìmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó fẹ́ fẹ̀yìntì

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀: ọjọ́ orí 60, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń dúró di ọ̀sẹ̀ ìdágbére kí wọ́n tó béèrè ohun tó wà lórí ẹni tó ń lọ. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà.

Ẹni tó ti tọ́jú ìwé nípa Èkìtì fún ọdún 30 mọ ìdílé tó fi ìwé oyè tọrẹ, ó mọ ìwé Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sáàárín ti Adó. Kò sí èyí nínú kátálọ́ọ̀gì. Láti ìgbà tí Nonaka àti Takeuchi, onímọ̀ ará Japan méjì, ti gbé ìwé wọn nípa ìmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jáde lọ́dún 1995 ni àwọn olùwádìí ti ń fojú sí irú ìmọ̀ orí bẹ́ẹ̀ gidigidi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹni tó máa jókòó sípò àgbà tó ń lọ ni kó lọ bá wọn, kì í ṣe ọ̀gá, kó má bàa dà bí ìwádìí ẹ̀sùn. Kó má sọ pé “ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀”. Ìbéèrè yẹn kò mú nǹkan jáde. Kó béèrè pé: “Mà, ìwé wo lẹ máa ń mú láì wo kátálọ́ọ̀gì? Kí làwọn èèyàn máa ń wá bi yín tí wọn kì í bi ẹlòmíì?” Ìdí pẹpẹ ìwé ni kí wọ́n ti sọ ọ́, torí bí ọwọ́ bá ti kan ìwé ni ìrántí ń wá.

Ìṣẹ́jú 45 tó fún ìjókòó kan. Ẹ pa fáànù, ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV (irú fáìlì tí kì í gé ohùn), 48 kHz, 24-bit. Wákàtí kan ní mono (ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo) á gba nǹkan bí 520 MB. Ẹ má fi MP3 ṣe ojúlówó ẹ̀dà, ó máa ń gé lára ohùn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ní, kí ọ̀kan wà nínú ilé mìíràn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń kú ni pé ohùn á jókòó sínú hard disk ẹnì kan. Kíkọ wákàtí kan tán lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ kọ ìṣẹ́jú àti kókó ọ̀rọ̀ nìkan, kẹ́ ẹ wá kó ìmọ̀ náà lọ síbi tí òǹkàwé á ti rí i. Nínú Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìkàwé fi ń tọ́jú kátálọ́ọ̀gì, ẹni tó fún wa ní ìwé wọ fíìdì 541, ọwọ́ tí ìwé ti gbà kọjá wọ 561. Bí àkọlé bá jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè Èkìtì, irú “ulé” tàbí “Udírókò”, ẹ má yí i padà. Ẹ fi “ilé” tàbí “Ìdí Ìrókò” sí 246, fíìdì fún ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ àkọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn. Kò sí kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún “ẹ́” nínú Unicode, ètò kọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ, á fi àmì lé e. Òmíràn á to e, àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa bákan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè má rí wọn bí ọ̀kan. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ wọ́n di ọ̀nà ìkọ kan náà, kẹ́ ẹ sì fi àkọlé tí kò lámì kún un.

Ọ̀rọ̀ oyè lè dé kóòtù. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà gbọ́ ohùn wọn, kí wọ́n yan èyí tí gbogbo ayé lè gbọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé.

Ní oṣù karùn-ún, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́wàá tí àwọn òǹkàwé ti béèrè rí fún arọ́pò wọn, kí àgbà jókòó láì sọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ padà sí, nígbà tí oṣù kan ṣì kù.