Physiology Step 1: ẹ yéé da owó sómi, ẹ jọ̀ọ́

Lánàá lẹnìkan tún fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ti ra gbogbo ẹ̀ tán, èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?" Mo wo fọ́tò náà: ìwé mẹ́rin, fídíò oríṣi méjì, Qbank méjì (àkójọ ìbéèrè ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó ti sanwó ẹ̀, gbogbo ẹ̀ nítorí physiology, ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, nìkan o, a ò tíì dárúkọ pathology, ẹ̀kọ́ nípa àìsàn. Mo bi í pé ìbéèrè mélòó ló ti dáhùn. Òdo. Mo rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi, lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ara mi lọ́dún 2018, ẹ̀rín ọ̀hún bá gbẹ lẹ́nu mi.

Mi ò ní máa ṣàlàyé USMLE lọ títí: ìdánwò táwọn dókítà ń ṣe kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni, Step 1 sì ni ìpele kìíní ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka eléyìí ti gba MBBS tàbí kó kù díẹ̀ kó gbà á, ó sì ti mọ̀ pé owó ìdánwò yẹn fún àwa tá ò kàwé ní Amẹ́ríkà, tá a bá ro owó àfikún ibi tá a ti fẹ́ ṣe é mọ́ ọn, ó ju 1,000 dọ́là lọ. Ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ẹ má sọ fún mi. Èyí tó ń dùn mí ni owó tá a ń ná ká tó débẹ̀ rárá. Physiology ló sì ń jẹ owó yẹn jù, torí nínú ètò iṣẹ́ táwọn tó ń gbé ìdánwò náà kalẹ̀ gbé síta fúnra wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, pathology nìkan ló jù ú lọ, àwọn méjèèjì sì máa ń wọnú ara wọn. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wá, ẹni tẹ́rù bá sì ń bà, ọjà ló máa ń rà.

1. Guyton láti ojú ewé kìíní

Mo fẹ́ràn Guyton, ìwé ńlá physiology tí wọ́n fi orúkọ bàbá tó kọ ọ́ pè, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọdún 1956 ni bàbá yẹn kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde, títí dòní ìwọ̀nba dókítà ní Nàìjíríà ni kò fi ṣe ìrọ̀rí rí lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Àmọ́ ó ju ẹgbẹ̀rún kan ojú ewé lọ! Kéèyàn máa kà á nígbà tó ń múra 2nd MB, ìdánwò tá à ń ṣe nílé ìwé ìṣègùn ká tó wọ ọsíbítù, kò burú. Kí ẹni tó ń ṣe call, iṣẹ́ àṣemọ́jú ní ọsíbítù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ìdánwò ẹ̀ ku oṣù mẹ́rin, wá ṣí i láti orí kìíní, ìyà ló ń wá. Mo mọ ẹnìkan tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí membrane àti iṣan nìkan, tó fi highlighter kun gbogbo ojú ewé títí tí ìwé fi dà bí àǹkárá, nígbà tó fi máa dé orí ọ̀rọ̀ ọkàn, ti iṣan ti fò lọ. Èmi ni o. Ohun tí Guyton wà fún ni ìgbà tí nǹkan kan bá kọ̀ tí ò yéni: lọ sí orí yẹn, kà á, pa á dé. Àwọn ìlà cardiac output (ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde) àti venous return (èyí tó ń padà sínú ẹ̀) tó máa ń gba ara wọn kọjá yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ kà á tó bá ń dà yín láàmú.

2. Costanzo méjèèjì

Costanzo náà kọ ìwé physiology, méjì nínú ìwé ìyá yẹn ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, BRS tó tínrín tí ò ju nǹkan bíi 300 ojú ewé lọ, àti èyí tó sanra. Ẹ mú ọ̀kan. Èyí tó tínrín tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

3. Fífowó ra ohun ọ̀fẹ́

Àbúrò mi kan san ₦5,000 fún "ìbéèrè 120 àkànṣe látọwọ́ àwọn tó ń gbé ìdánwò kalẹ̀ gan-an". Mo ní kó fi hàn mí. Free 120! Orúkọ ẹ̀ gan-an ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni, orí wẹ́bùsáìtì USMLE ló wà, kò sẹ́ni tí ò lè ṣí i. Ẹni tó tà á fún un tún tẹ nọ́mbà fóònù ara ẹ̀ sí gbogbo ojú ewé káwọn olè má baà jí i lọ. Mo ní kó lọ gba owó ẹ̀, ó ní wọ́n ti block òun.

Ti PDF Telegram náà ńkọ́? Yàtọ̀ sí pé olè jíjà ni, o ò lè mọ ẹ̀dà ọdún wo lo gbé. Mo ní fláàṣì 64GB kan nílé tó kún dẹ́nu, ẹni tó bá rí i á rò pé mo ń tàwé ní Dùgbẹ̀. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ò kún àpò aṣọ.

4. Fífi ẹrù London wọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà

Eléyìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti ń kàwé fún PLAB, ìdánwò àwọn dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní UK, tẹ́lẹ̀, tí ọ̀nà London wá há, tí wọ́n ní káwọn yà sí Amẹ́ríkà, kí owó Qbank PLAB má sì ṣòfò, àwọn á máa fi ṣe physiology lọ. PLAB á bi ẹ́ pé kí lo máa ṣe fún aláìsàn yìí. Step 1 á bi ẹ́ pé kí ló dé tí ara ẹ̀ fi ń hùwà báyìí. Ọ̀tọ̀ lọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kPa làwọn ará London fi ń ka blood gas (àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀), mmHg làwọn Amẹ́ríkà ń lò. Ẹni tójú ẹ̀ ti mọ́ pé CO2 tó dáa ni 5.3, tó bá rí 40, àyà ẹ̀ á já, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni, 7.5 mmHg ló wà nínú 1 kPa. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lo sì ní fún ìbéèrè kan, ibo lo ti máa ráyè máa ṣẹ́ ẹ bí ẹni ń ṣẹ́ dọ́là?

Anki (káàdì ìrántí orí fóònù) tẹ́lòmíì ṣe: tí graph ò bá yé ẹ, káàdì ẹgbẹ̀rún kan ò ní jẹ́ kó yé ẹ.

Ìmọ̀ràn ẹni tó gba máàkì 260 lọ́dún 2019: láti January 2022 ni Step 1 ti di pass tàbí fail, ìwé méje tó kà kó lè gba 260 yẹn, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Ó dáa, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé, torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dáadáa. Qbank tẹ́ ẹ sọ di aṣọ ìmúròde.

Lọ́dún 2018 dọ́là ṣì wà ní nǹkan bíi 360. Ìgbà yẹn a ò tíì dé 2022 tí ọ̀pọ̀ báńkì ní káàdì náírà ò gbọdọ̀ ná ju 20 dọ́là lọ lóṣù lórí ọjà òkèèrè, síbẹ̀ káàdì tèmi ò gbà, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston, ó bá mi san ọdún kan gbáko. Ọdún kan! Inú mi dùn débi pé mo sọ fún ìyá mi, màmá gbàdúrà sí i. Mo wá fi Qbank sí ìpamọ́. Mo ní mo fẹ́ kàwé tán ná, mi ò fẹ́ fi ìbéèrè ṣòfò nígbà tí orí mi ò tíì kún, mi ò fẹ́ "bà á jẹ́". Bà kí ni jẹ́? Ṣé ọbẹ̀ ni? Gbogbo ìgbà tí mo ń pa á mọ́ yẹn, ọjọ́ ń lọ lórí ẹ̀ bíi prepaid mítà tẹ́nìkan fi áyọ̀ọ̀nù sí tó gbàgbé jáde nílé. Oṣù kẹjọ ni mo tó ṣí i, nínú house job (iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ dókítà), lẹ́yìn call alẹ́, ojú mi pọ́n. Mo mú ìbéèrè 40 lórí ọkàn àti kíndìnrín. Mo gba 15. Èmi tí wọ́n fún ní distinction physiology! Mo ti kọ̀ǹpútà dé, mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣe mí. Bí wọ́n ṣe bi wá nílé ìwé, ẹ rántí, gbólóhùn kan, A dé E, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan, tó o bá sì gbà á kù wọ́n á yọ nínú èyí tó o ti gbà. Ẹni tó bá ti há ìwé sórí dáadáa, ó ti yè. Step 1 ò bìkítà pé o há a. Á ní bàbá ẹni ọdún 58 kan tí ìfúnpá ẹ̀ ga bẹ̀rẹ̀ lisinopril, oògùn ìfúnpá, lọ́sẹ̀ kejì creatinine ẹ̀ (ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò) lọ sókè díẹ̀, RPF (ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín láìka sẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn), GFR (èyí tí kíndìnrín ń sẹ́), filtration fraction (ìdá tó ń sẹ́ nínú èyí tó wọlé), ọfà mẹ́ta, èwo ló lọ sókè, èwo ló lọ sílẹ̀? Mo mọ̀ ọ́ lórin pé angiotensin II máa ń fún efferent, òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde níbi asẹ́ kíndìnrín, pa. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn ò ní jẹ́ kó fún un. Ṣùgbọ́n kò sígbà kan tí mo fi ọwọ́ ara mi ya á rí. Ẹ yà á wò: ẹnu ọ̀nà àbájáde ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́ (RPF sókè), agbára tó yẹ kó ti omi gba inú asẹ́ dínkù (GFR sílẹ̀), tó o bá wá fi GFR pín sórí RPF, tó jẹ́ pé nínú ẹni tára ẹ̀ dá 120 lórí 600 ni, ìyẹn 20%, ẹ ti rí i pé á wálẹ̀. Ó tán. Kò sóhun tá a há sórí níbẹ̀, bí wọ́n bá sì gba ẹ̀yìn yọ pẹ̀lú NSAID (oògùn ìrora bíi ibuprofen) tó ń fún afferent, òpó àbáwọlé, pa, wàá tún fi omi àti ẹnu ọ̀nà rò ó.

Acid-base náà ńkọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ Winter, ìṣirò CO2 tó yẹ kó wà tí ásíìdì bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: ìlọ́po 1.5 bicarbonate, fi 8 kún un. Bicarbonate jẹ́ 12, CO2 tó yẹ kó wà níbẹ̀ á jẹ́ 26, kó fi 2 lé tàbí kó fi 2 dín. Wọ́n á wá fún ẹ ní CO2 36. Ẹni tó há a á kọ 26 sílẹ̀ fallafalla, á sì máa wo 36 bí ẹni ń wo àlejò. Ẹni tó ti dáhùn irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá á sọ fún ẹ pé ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn yìí náà ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ibo lẹ fẹ́ ti kọ́ ìyẹn tí kì í bá ṣe nínú ìbéèrè? Ìbéèrè inú Qbank ńlá kan ju 3,000 lọ, wọn ò ṣe é jẹ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn. Ọjọ́ tó o bá ka kíndìnrín nínú ìwé tínrín yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kó o dáhùn mẹ́wàá lórí kíndìnrín. Wàá kùnà mẹ́fà. Kò burú, máàkì yẹn ò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ka àlàyé gbogbo áńsà, títí kan àwọn tí kì í ṣe òun, kọ ohun tó ṣì ẹ́ lọ́nà sílẹ̀ ní ìlà kan, ìlà kan péré o, kó má lọ di ìwé Guyton tuntun. Ká tó sanwó ẹ̀ ńkọ́? Dúró di ìgbà tó o máa lè ṣí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣe house job tó san ọdún kan sílẹ̀ ń tọrẹ fún wọn ni. Kó o sì parí ọ̀kan kó o tó ra ìkejì, ọ̀rẹ́ mi tó ní fọ́tò, ìwọ ni mò ń bá wí.

5. Àjọpín account. Àwa mẹ́rin la dá owó jọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ti Houston ti tán, bíi èsúsú. Ẹnìkan wọlé láti Ìlọrin, ẹnìkan láti Ìbàdàn, lóru ọjọ́ kan náà. Wọ́n tì í pa. A ò rówó gbà, a ò sì lè jà, torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tá a tẹ̀ "I agree" sí láì kà. Títí dòní, tá a bá pàdé lóde ìgbéyàwó, a ṣì ń jiyàn ta ló wọlé kẹ́yìn. Ará Ìlọrin ni.

Fídíò tó ń sáré ní ìlọ́po méjì nígbà tó o ń jẹun: ò ń mi orí ni, o ò kàwé.

Ti NBME, ìdánwò ìdánrawò tá a fi ń wo bá a ṣe tó, 200 ìbéèrè ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó sì ni. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ jọ sí ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, tó bá sọ fún yín nígbà yẹn pé physiology ọkàn yín ò dáa, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?

Mo dá ẹni tó ni fọ́tò yẹn lóhùn o. Mo ní kó gbé ìwé mẹ́ta sílẹ̀, kó mú tínrín, kó mú Qbank kan, kó mú bírò àti ìwé, kó ya pressure-volume loop (àwòrán ìfúnpá àti ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn), kó wá yà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú afterload (ohun tí ọkàn ń tì) tó ga, kó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní "Ẹ ṣeun gan-an sà, Ọlọ́run á bù kún yín." Inú mi dùn, mo lọ se tíì.

Kí omi tó hó, ó ti tún kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ course kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń yà á? Mo lè sanwó."