Bí a ṣe ń wo akọ ẹṣin Lárúbáwá: ẹ béèrè ìyá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fídíò àwọn akọ ẹṣin Lárúbáwá tó gba ṣámpíọ̀n ní Párísì, àwọn tí wọ́n fi òróró kun ojú àti imú wọn tó ń dán gbinrin, mo mọ ohun tó máa ń jáde lẹ́nu yín: "Háà, ẹṣin yìí mà rẹwà o!" Ohun témi náà máa ń sọ nìyẹn, títí dọjọ́ tí mo lọ bá wọn ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin nílùú ọba, tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin níbẹ̀ gbọ́ tí mò ń yin akọ ẹṣin kan, ló bá bi mí pé, "Ta ni ìyá ẹ̀?" Mi ò lè dáhùn, mo kàn ń wò ó sùn ni. Bí bàbá yẹn ṣe wá kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹ lè fi wo ẹṣin èyíkéyìí, ì báà jẹ́ lórí fóònù lẹ ti ń wò ó.

Èkíní, ẹ wo ẹṣin kẹ́ ẹ tó wo ìwé

Tó bá jẹ́ Ojúde Ọba ni ojú yín ti mọ ẹṣin, ọ̀ṣọ́ àti ẹni tó gùn ún la máa ń wò níbẹ̀, àmọ́ nínú ìdíje ẹwà ẹṣin Lárúbáwá kò sí gàárì, kò sí aṣọ, okùn tín-ín-rín kan báyìí ló wà lórí ẹ̀, gbogbo àléébù ló máa hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí: iwájú orí á yọ síta díẹ̀, egungun imú á wá tẹ̀ wọnú bí abọ́ tí kò jìn, ojú á tóbi, ihò imú á fẹ̀ tó bá ti ń sáré. Ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú, àwọn kan lára wọn, egungun ìhà 17 ni wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi táwọn ẹṣin yòókù ti ní 18, ìrù á sì dìde bí àsíá. Ẹ má retí gàgàrà o, bí ínṣì 57 sí 61 ni wọ́n sábà máa ń ga dé èjìká.

Ẹ wo awọ tó yí ojú ẹ̀ ká dáadáa. Dúdú ni, kódà lára èyí tí irun ẹ̀ funfun. Ibẹ̀ làwọn Lárúbáwá ti rí orúkọ Kuhaylan tí wọ́n ń pe ìran kan, látinú kuhl, tìróò lédè tiwọn, àfi bíi pé ẹnì kan jókòó lé tìróò fún ẹṣin.

Ní Yúróòpù, nǹkan márùn-ún làwọn adájọ́ máa ń fún ní máàkì, 20 fún ìkọ̀ọ̀kan: bó ṣe jọ ẹṣin Lárúbáwá tó, orí àti ọrùn, ara àti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, àti ìrìn. Ẹ gbájú mọ́ ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni máàkì ti sábà máa ń já wálẹ̀ nígbà táwọn èrò ṣì ń pariwo orí.

Ẹ wá ṣí ìwé ìdílé ẹ̀

Bàbá ló máa ń wà lókè, ìyá nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa lọ títí dọ́dọ̀ àwọn baba ńlá. Tẹ́ ẹ bá rí ìràwọ̀ kékeré níwájú orúkọ nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n kó ẹṣin yẹn wọlé láti òkè òkun ni. Ẹ jẹ́ ká fi akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Bask dán an wò, torí òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ọdún 1956 ni wọ́n bí i ní Albigowa ní Póláńdì, Witraz ni bàbá ẹ̀, Balalajka ni ìyá ẹ̀. Dókítà Eugene LaCroix rà á lọ sí Amẹ́ríkà ní 1963, ní 1964 ó gba ṣámpíọ̀n akọ ẹṣin gbogbo Amẹ́ríkà, ní 1965 ó tún gba ti Park, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń gùn tí ẹṣin á máa gbé orókún sókè fíofío. Ó gba ti ẹwà, ó gba ti iṣẹ́.

Ẹ fi ìka tọ òkè ìwé lọ. Bàbá Witraz ni Ofir, tí wọ́n bí ní 1933, bàbá Ofir ni Kuhailan Haifi, ọmọ aṣálẹ̀ gidi tí àwọn èèyàn Ọmọ Ọba Roman Sanguszko lọ rà wá sí Póláńdì. Ọdún 1938 ni Ofir bí akọ mẹ́ta ní Janów Podlaski, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ní Póláńdì, lára ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Witraz, Wielki Szlem àti Witez II. Ọdún tó tẹ̀ lé e ogun dé, àwọn Sófíẹ̀tì kó Ofir lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n ń kó àwọn akọ ẹṣin sá fún ogun, wọ́n sì bọ́ sí ìlú Dresden ní Jámánì lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ǹbù ń rọ̀ bí òjò. Àwọn ẹṣin já okùn, púpọ̀ nínú wọn kú. Jan Ziniewicz tó ń tọ́jú wọn di Witraz mú lọ́wọ́ kan, ó di Wielki Szlem mú lọ́wọ́ kejì, kò jọ̀wọ́ ìkankan. Ká ní ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, kò bá máà sí Bask. Tẹ́ ẹ bá ti mọ irú èyí, orúkọ orí ìwé ò ní jẹ́ orúkọ lásán mọ́.

Ìsàlẹ̀ ìwé ni kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù

Ọ̀dọ̀ ìyá làwọn Bedouin, àwọn Lárúbáwá darandaran inú aṣálẹ̀, ti ń ka ìran ẹṣin, ó yàtọ̀ sí oríkì orílẹ̀ tiwa tá a máa ń tọ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Tí bàbá bá jẹ́ Kuhaylan, tí ìyá jẹ́ Saqlawi, ìyẹn ìran mìíràn, Saqlawi lọmọ. Abo ni wọ́n sì máa ń gùn lọ jagun, wọ́n ní akọ lè rí ẹṣin ọ̀tá kó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Torí náà, ẹ fi ìka sórí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ, ìyá, ìyá ìyá, ìyá ìyá ìyá. Àwọn ọmọ wo làwọn abo yẹn tún bí? Ṣé àwọn náà ṣe dáadáa, àbí ẹyọ kan yìí ló ṣèèṣì? Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ kan náà tó jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ìbátan ni wọ́n fi ń gun ìbátan nìyẹn.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ tó bí fúnra ẹ̀. Ọmọ Bask tó wà nínú ìwé lé ní 1,000. Èyí tẹ́ ẹ máa wá ni ọmọ tí abo lásán bí fún akọ náà, torí ọmọ tí ṣámpíọ̀n bí fún ṣámpíọ̀n ò sọ ẹni tó ni ẹwà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ife ẹ̀yẹ dí yín lójú, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò. Àìsàn SCID wà nínú ìran yìí, ọmọ tó bá mú kì í lágbára láti bá àrùn jà, oṣù díẹ̀ ló máa ń lò láyé. Irun tí wọ́n fà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ti tó fún àyẹ̀wò. Akọ tó kàn gbé e sára lè má ṣàìsàn láéláé, àmọ́ tó bá pàdé abo tó gbé e bíi tiẹ̀, ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kí àìsàn náà mú.

Ìwà kò sí nínú ìwé

Inú ilé ẹṣin lẹ ti máa rí i. Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Ẹ má dúró sẹ́yìn ẹ̀, ẹ má sì ṣàdédé nawọ́ sí i lójú, ẹ dúró síbi èjìká, kó gbóòórùn yín. Etí ni kẹ́ ẹ máa wò: tó bá ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ ni, tó bá lẹ̀ mọ́ orí, ẹ sún sẹ́yìn. Kí wọ́n wá mú un kọjá níwájú àwọn abo. Ó máa ké, ó máa jó, akọ ni, ohun tẹ́ ẹ ń wò ni bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rántí ẹni tó di okùn ẹ̀ mú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pàṣán ló ń jẹ́ kí wọ́n na ọrùn níwájú adájọ́, ẹyinjú wọn á yọ funfun, èrò á ní iná ń jó nínú ẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rù ni.

Akọ tí mò ń yìn lọ́jọ́sí, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì nílọ́ọ̀nù kan tó ń ró wọlé tọ̀ ọ́, ó fọn imú, ó fò sẹ́yìn dé ògiri. Mo dúró jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá ó na ọrùn, ó mí gbígbóná sí mi lọ́rùn, ló bá ki ẹnu bọ àpò mi, ó yọ kárọ́ọ̀tì tí mo fi pa mọ́ fún ẹlòmíì. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń jí tèmi náà nìyẹn."