Ẹ kú ọgbọ́n o: bí mo ṣe sọ gítà olókùn mẹ́jọ di béèsì

₦148,000. Iye tí mo ná nìyẹn kí n má baà ra gítà béèsì alòkù tí ẹnì kan fẹ́ tà fún mi ní ₦120,000. Lọ́jọ́ tí mo kọ̀ ọ́, ẹnu ara mi ni mo fi sọ fún ìyàwó mi pé ẹni tó bá lọ́gbọ́n kì í náwó níbi tí ọgbọ́n ti lè ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń gbé àpò gítà jáde nínú yàrá báyìí, bó ṣe máa ń kí mi ni: "Ẹ kú ọgbọ́n o."

Kánádà ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń fi gítà béèsì ṣeré nínú bẹ́ńdì wa rí físà gbà ní oṣù Kọkànlá, ìgbà tí òde pọ̀ bí eéṣú. A ò lè bá a bínú. Ẹni mẹ́fà ni wá nínú bẹ́ńdì náà tẹ́lẹ̀, Ìbàdàn la wà, jùjú àti orin ìyìn la máa ń ṣe níbi ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìkómọ. Àwọn ọmọ tí a ń háyà rọ́pò rẹ̀ ń gbowó wọn pé kí wọ́n tó jáde nílé, wọn ò sì mọ ibi tí orin wa ti ń yà. Lóde kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan nínú wọn wà lórí ohùn F, àwa yòókù wà lórí ohùn G, fún odidi ìṣẹ́jú kan gbáko. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá wa wò mí, ó wo gítà mi, ó ní: "Tìẹ yìí, ṣebí okùn mẹ́jọ ló ní. Mélòó lo ń lò níbẹ̀?"

"Mẹ́fà ni, sà." Òótọ́ ni mo sọ.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi gítà náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ okùn méjì tó nípọn jù, tó wà lókè pátápátá, kò rí iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ mi ju kí n máa nu eruku ara wọn lọ. Láti orí ọrùn rẹ̀ dé bíríìjì tí ìdí okùn jókòó lé, ínǹṣì 27 ni. Gítà lásán máa ń jẹ́ 25.5, béèsì máa ń jẹ́ 34. Inú àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí ni gbogbo ìyà mi ti jáde wá, nítorí okùn tó kúrú máa ń dẹ̀ bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ dé ohùn béèsì.

Ohun tí ọ̀gá wa ń béèrè kì í ṣe àrà tuntun. Charlie Hunter, onígítà kan ní Amẹ́ríkà, ti ń ta béèsì àti gítà pọ̀ lórí igi kan ṣoṣo láti àwọn ọdún 1990. Tosin Abasi, onígítà tí ìran rẹ̀ wá láti Nàìjíríà ńkọ́? Gítà olókùn mẹ́jọ méjì àti onílù kan ni bẹ́ńdì rẹ̀, Animals as Leaders, fi ń ṣeré, kò sí oníbéèsì láàárín wọn. Mo ní bí ẹni tí wọ́n sọ ní Olúwatósìn bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é. Ohun tí n kò rò ni pé ṣe ni wọ́n dìídì kan gítà Hunter fún iṣẹ́ náà: okùn béèsì rẹ̀ ní píkọ́ọ̀pù tiwọn, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn sínú wáyà, ohùn wọn sì ń gba ọ̀nà tiwọn jáde lọ sí áńpù tiwọn. Tèmi, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, bí èrò inú mólúè.

Mo wẹ okùn, mo nu ọrùn gítà, mo yí ohùn àwọn okùn náà sórí F#, B, E, A, D, G, B, E, láti èyí tó nípọn jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìyẹn kò le. F# tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, bíi 46 Hz ni, ìyẹn iye ìgbà tí okùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. E ti béèsì gan-an jẹ́ bíi 41 Hz. Ohùn méjì péré ló kù kí n bá béèsì dọ́gba: F àti E. Ẹ ó ní kí ni ti ohùn méjì? F ni ilé ìyá tó ń dá orin fún wa, orí ohùn yẹn ló ti ń kọrin. Bí ẹ bá gbé e kúrò ní F, ohùn rẹ̀ á yọ ẹ̀gún. Bí mo bá sì fi F ti òkè ta á, ṣe ló ń dà bí ìgbà tí baba arúgbó ń fi ohùn ọmọdé pàṣẹ. Mo bẹ ìyá náà kí a gbé orin lọ sí G. Ó ní òun ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi.

Ó di dandan kí n sọ okùn kẹjọ kalẹ̀ dé E. Okùn tó wà lára gítà náà, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì .065, kò ní agbára rẹ̀. Ó dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Bí mo bá ta á, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ fò sókè kí ó tó padà wálẹ̀, ara rẹ̀ á sì máa lu fúrẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó dábùú ọrùn gítà, gìrìgìrì. Okùn tó nípọn ni mo nílò, bíi .080. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti jókòó dè mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì fi jókòó.

Mo wá okùn .080 kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún gítà káàkiri Ìbàdàn, n kò rí i. Àwọn òǹtajà kan ò tilẹ̀ gbà pé ó wà láyé. Ni mo bá rántí pé sẹ́ẹ̀tì okùn béèsì kan wà tó jẹ́ .045, .065, .080, .100. Okùn A rẹ̀ ni .080 tí mo ń wá! Mo ra odidi sẹ́ẹ̀tì náà, ₦18,000, nítorí okùn kan. Nígbà tí mo tì í bọ inú ihò ẹ̀yìn gítà, bọ́ọ̀lù irin ìdí rẹ̀ tóbi ju ihò lọ, ó yọ síta bí ìdodo ọmọ tuntun. Mo ní kò burú, kò sẹ́ni tí yóò wo ẹ̀yìn gítà lóde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òkè, níbi tí a ti ń yí okùn, ihò pẹ́ẹ̀gì kò gbà á. Mo tì í, mo fi itọ́ sí i, mo bú u. Kò wọlé.

Okùn béèsì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wá wé wáyà mìíràn mọ́ ọn lára. Mo ní bí mo bá tú èyí tí wọ́n wé náà kúrò ní òpin rẹ̀, èyí tó wà nínú á wọlé. Mo mú pìláyà, mo gé e, mo tú u. Ó wọlé! Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré wá wò mí. Mo yí i, mo ta á. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn gbá páálí nǹkan. Ó ti kú. Mo rò pé píkọ́ọ̀pù ni, mo rò pé wáyà áńpù ni, mo sùn, mo jí, ó ṣì kú síbẹ̀.

Bàbá kan tó ń tún gítà ṣe ló sọ àṣìṣe mi fún mi, ó sì rọra sọ ọ́, èyí tó dùn mí ju kí ó bú mi lọ. Ó ní kí èèyàn tó gé irú okùn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí igun ilé, níwájú ibi tó fẹ́ gé. Títẹ̀ yẹn ló ń di wáyà òde mọ́ ti inú. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ni èyí tí wọ́n wé á tú láti ibi tí ẹ gé títí wọ inú, okùn á sì kú. "Ṣé o tẹ̀ ẹ́?" N kò tẹ̀ ẹ́. Sẹ́ẹ̀tì kejì, ₦18,000.

Èyí kejì, mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e, mo tú òpin rẹ̀, ó wọlé, ó dún. Egungun orí ọrùn gítà tí okùn ń gbà kọjá ò gbà á jókòó dáadáa, mo bá wé sáńpépà mọ́ okùn àkọ́kọ́ tí mo pa, mo fi ṣe fáìlì, mo ń fà á lọ fà á bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kéré tán, òkú yẹn wúlò.

Mo wá yẹ ohùn rẹ̀ wò. Bí mo bá ta á lófo, E ni. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ó yẹ kó jẹ́ E lókè, àmọ́ ó lé e kọjá débi pé etí ọmọdé lè mọ̀. Okùn tó nípọn báyìí le, kò lè mì dé òpin pátápátá níbi tó jókòó lé bíríìjì, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé ó kúrú ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ó ní láti gùn sí i. Mo ti irin kékeré tó jókòó lé sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí kò fi sí ẹ̀yìn mọ́. Ó ṣì ga. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yí bóòtù tó ń sún irin náà, tí kò sì yí mọ́. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá náà. Ó yọ bóòtù irin náà, ó yọ sípíríǹgì tó wà lára rẹ̀, ó dá bóòtù padà láìsí sípíríǹgì. Àyè tó jẹ́ ti sípíríǹgì ni irin náà sún sí, bíi mílímítà mẹ́ta. Ohùn jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó gba ₦25,000, n kò sì lè bá a nájà, nítorí èmi ni mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ọ̀nà ọ̀dọ̀ bàbá yẹn nìkan, lílọ bíbọ̀, jẹ ₦12,000.

Ti áńpù, ẹ̀bi tèmi ni tààrà. Gítà ni wọ́n ṣe áńpù mi fún, sípíkà ínǹṣì 12 kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. A kò lè fi irú rẹ̀ gbé 41 Hz. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kàn dán an wò níbi ìdánrawò. Nígbà tí a dé orin kẹta, ó ń dún bí ẹni tó ń fa àǹkárá ya, bébà inú sípíkà ti ya tòótọ́. ₦45,000 ni àtúnṣe. Mo wá ra DI alòkù, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn gítà lọ tààrà sí míkísà, ní ₦30,000, mo sì gba inú rẹ̀ wọ míkísà lọ, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó míkísà fún wa pín in sí ojú ọ̀nà méjì: ó gé ohùn òkè ọ̀kan dànù, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ lórí èkejì. Béèsì lọ sápá kan, gítà lọ sápá kejì. Kì í ṣe ti Hunter, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kékeré, kí ẹ tì í bọ abẹ́ okùn kẹjọ àti ìkeje lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríìjì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìka méjì lọ. Ohùn rẹ̀ á di gbùm, gbùm, bíi ti béèsì jùjú àtijọ́, kò ní máa hó lọ bí omi gbígbóná. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, òun nìkan ni n kò náwó lé lórí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ọwọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. B ló tẹ̀lé E lórí gítà mi báyìí, kì í ṣe A, nítorí náà gbogbo ibi tí ìka oníbéèsì ti mọ̀ pé A wà ti ṣí lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ṣìnà nínú orin tí mo mọ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara mi. Àtàǹpàkò mi ló ń ta béèsì, ìka yòókù ń ta kọ́ọ̀dù, bí béèsì bá sì ti ń rìn kíákíá, mo máa ń fi kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún oníkíbọ́ọ̀dù. Òun náà ní ìṣòro tirẹ̀: ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í sinmi, ibi ohùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ilé mi ló sì ń gbé. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ òsì yẹn." Ó ní: "Ṣé kí n gé e ni?"

Òde àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, òkú àgbà ni, ní Abẹ́òkúta. Orin ti gbóná, gángan ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí bàbá onígángan ń yọjú wo ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a sinmi, ó bi mí pé: "Ta ni ẹ gbé béèsì fún? N ò rí i." Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú tó. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi pè láti Houston, mo sì ròyìn fún un, mo fi ìgbéraga ròyìn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní okùn .080 ti gítà gan-an wà níbẹ̀, wọ́n ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù ìdí rẹ̀ ò sì ní tóbi ju ihò lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò béèrè?" Ó fi mẹ́rin ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí.

Béèsì alòkù ₦120,000 yẹn náà ti rí ẹni rà á. Ọmọ Mọ́kọ́lá yẹn ni. Mo gbọ́ pé kò tíì jáde ní F.