Bí Mo Ṣe Ṣe Férémù Ẹni Mímọ́ Bí Ti Àwọn Sísítà Ilẹ̀ Faransé

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí àwọn ará Faransé ń pè ní paperolles. Láti ọ̀rúndún 17 wọ ọ̀rúndún 19 ni àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà, pàápàá àwọn tí kì í jáde ní kọ́nfẹ́ǹtì, fi ń ṣe é. Wọn a ká bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní wúrà létí, wọn a sì tò ó yí egungun ẹni mímọ́ ká, tàbí yí Agnus Dei ká, èyí tó jẹ́ ìda àbẹ́là Àjíǹde tí a tẹ àwòrán Ọ̀dọ́ Àgùtàn sí, tí Póòpù sì bù kún.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe tèmi, n kò wá egungun kankan, nítorí kánọ́nù 1190 nínú ìwé òfin ìjọ Àgùdà kò gbà kí a tà á. Àwòrán Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux ni mo fi sáàárín. Sísítà ẹgbẹ́ Carmel, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Sísítà tí kì í jáde ní kọ́nfẹ́ǹtì, tó máa ń kun àwòrán ni òun náà.

Mo to bébà funfun lé ara wọn, mo fi pákó méjì há wọn gbọingbọin kí ọ̀dà má baà ráyè wọ àárín wọn, mo sì kun ọ̀dà aláwọ̀ wúrà sí etí wọn. Nígbà tó gbẹ, mo fi abẹ àti rúlà gé etí náà ní fífẹ̀ mìlímítà 3. Igi ìtayín ni mo fi ká a. Èyí tí mo ká le di rúbútú bí ojú ẹyẹ. Èyí tí mo dẹ̀, tí mo sì fún pọ̀ ní ìkángun kan, di ewé.

Títò ló gba sùúrù jù. Lórí àrán pupa tí mo lẹ̀ mọ́ páálí, mo fi ẹ̀mú kékeré gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, kí wúrà kọjú sókè, gúlù rẹ̀ kò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ, torí bó bá pọ̀, àrán á fi hàn. Àwọn kan ní ẹni tí kò lówó wúrà gidi ló ń ṣe irú èyí. Lójú tèmi, ilà tó tín-ín-rín tó báyìí kò rọrùn fún alágbẹ̀dẹ wúrà.

Mo fi gíláàsì bò ó, mo lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa nítorí eruku. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sísítà náà kò kọ orúkọ sí iṣẹ́ wọn. Èmi kọ tèmi àti ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á lọ́la bí ohun àtijọ́.