Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹ̀yìn: Bí Ọlọ́mọ Ṣe Lè Ra Spọ́ọ̀tì Káà Àlòkù Nílùú Ọba

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà lókè òkun níbí, mo mọ̀ pé ó ń wù yín, ẹ má purọ́. Ọdún kẹjọ rèé tẹ́ ẹ ti ń wa mọ́tò ìdílé onílẹ̀kùn márùn-ún tó ń rùn fún bísíkíìtì àti wàrà tó dà sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí spọ́ọ̀tì káà kan bá sì kọjá lórí M25, ọrùn yín á yí tẹ̀lé e. Ẹ wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ rí i pé àwọn mọ́tò tẹ́ ẹ máa ń lẹ fọ́tò ẹ̀ mógiri nígbà tẹ́ ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, owó ẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ọwọ́ lè tó o. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì wà nílẹ̀, màmá náà sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá lo oṣù mẹ́ta.

Èmi ti kó sí i rí. Mọ́tò kan báyìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ilẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń kọrin. Èmi nìkan ni mo lọ wò ó, alẹ́ Fúráìdé, òjò ń rọ̀, mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Àárọ̀ Sátidé la tó rí i pé kásíìtì àbúrò, ìyẹn àga tá a fi ń di ọmọ mọ́ inú mọ́tò, ò wọ ẹ̀yìn, tá a bá sì fi ipá tì í wọlé, síìtì iwájú á sún débi pé orúnkún ìyàwó mi ń kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà á, mo tà á ní àdánù, ẹnu ò sì gbà mí láti sọ̀rọ̀ mọ́tò nínú ilé fún bí ọdún kan. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, ohun kan náà ni mo ń sọ: ẹ má kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, tí ò bá sì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ tẹ síìtì iwájú síwájú kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ kí ẹ tó lọ wo ohunkóhun. Ọmọ oṣù mẹ́fà, ọmọ ọdún méje, àti màmá tí orúnkún ń dùn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wàhálà wọn. Òfin ibí ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú kásíìtì tàbí lórí búsítà, ìjókòó tó ń gbé ọmọ ga, títí á fi pé ọdún 12 tàbí tí gíga ẹ̀ á fi dé sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ kásíìtì i-Size, irú èyí tí wọ́n ń fi gíga ọmọ yàn, lẹ ní, ọmọ ọwọ́ á kọjú sẹ́yìn mọ́tò títí á fi kọjá oṣù 15. Irú kásíìtì tó kọjú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e sí síìtì iwájú tí airbag ẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, bá ṣì ń ṣiṣẹ́, torí tí airbag yẹn bá bú, ibi tí orí ọmọ wà gan-an ló máa gbá, ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ wá rí i pé Mazda MX-5 àti Porsche Boxster, tí síìtì wọn jẹ́ méjì péré, ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi tí mọ́tò mìíràn bá wà nílé.

Ọ̀rọ̀ ISOFIX, irin tí wọ́n ń fi kásíìtì há mọ́ ara mọ́tò, náà wà ńbẹ̀. Àárín 2012 sí 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di dandan lára mọ́tò tuntun ní Yúróòpù, nítorí náà mọ́tò 2003 lè ní in, ó lè má ní in, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló yẹ kó san owó lé e tí ò sì san. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ti ìka bọ àárín ibi tí ẹ̀yìn síìtì àti ìdí ẹ̀ ti pàdé, ẹ máa kan irin méjì tó tẹ̀ bí òrùka. Tẹ́ ò bá kan nǹkan kan, kásíìtì tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì dì lẹ máa lò, ìyẹn náà ò burú, bẹ́líìtì ọ̀hún ṣá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba èjìká kọjá, kì í ṣe ti ikùn nìkan, kó sì gùn tó láti yí kásíìtì po. Àwọn tí ojú wọn wà lára mọ́tò àtijọ́ pátápátá tí wọn ò fi bẹ́líìtì kankan sí nígbà tí wọ́n ṣe é, ẹ gbọ́ o: ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ò lè wọ̀ ọ́ rárá lábẹ́ òfin, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn nìkan ló lè jókòó sí.

Nítorí náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ gbé kásíìtì dání, ẹ kó àwọn ọmọ gan-an dání. Ẹni tó ń tà á lè máa wò yín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ dì í mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹni tó ga jù nínú yín jókòó síwájú ẹ̀, ẹ gbé ọmọ wọlé kí ẹ gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn mọ́tò onílẹ̀kùn méjì máa ń gùn gan-an, tó bá jẹ́ iwájú ilé ni, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà tí wọ́n ti páàkì mọ́ yín lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò ní rí i ṣí tán, ẹ máa wá tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni tó ń wá adìẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ orí búsítà náà, ẹ wo orí ẹ̀, ṣé kò kan òrùlé? Àwọn mọ́tò tí gíláàsì ẹ̀yìn wọn dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀, bíi Toyota Celica àti Porsche 944, oòrùn á máa ta sọ́mọ lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fèrèsé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ṣí. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ máa ń bì nínú mọ́tò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwa gan-an. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa mọ́tò, àpò gọ́ọ̀fù ni wọ́n fi ń wọn búùtù. Kí ló kàn wá kan gọ́ọ̀fù? Kúlà ìrẹsì ni tiwa, kẹ̀kẹ́ ọmọ, báàgì aṣọ, àti súfúnìà, ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín lóde, tí ẹni tó ṣe òde ní kẹ́ ẹ bá òun gbé padà. Ẹ wọn kúlà yín nílé, ẹ mú téèpù dání. Ẹnu búùtù ló máa ń jẹ́ ìṣòro jù, inú ẹ̀ lè tóbi kí ẹnu ẹ̀ má gba nǹkan. Gèlè náà ń kọ́? Ìyàwó tó bá wé gèlè tó jókòó dáadáa ò ní lè wọ mọ́tò tí òrùlé ẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, á ní kẹ́ ẹ dúró kóun dé ibẹ̀ kóun tó wé e, ẹ̀yin náà sì mọ bí wákàtí yẹn ṣe máa ń gùn tó.

Èwo ni ká wá rà? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé kò di dandan kí ilẹ̀kùn jẹ́ méjì kó tó jẹ́ spọ́ọ̀tì. Subaru Impreza Turbo, ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, ó tún ní èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn tó gba ẹrù. Irú ẹ̀ ni awakọ̀ eré ìje Colin McRae fi gba ipò kìíní ráálì àgbáyé ní 1995, ó ń sáré, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gba agbára, kì í bẹ̀rù òjò. Wàhálà ẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin ló ti kọjá, wọ́n á ti yí ẹ́gísọ́ọ̀sì ẹ̀, wọ́n á ti tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe kó lè lágbára sí i, inṣọ́ránsì á wá lọ sókè, ẹ́ńjìnì á sì ti rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lẹ máa wá, kódà tó bá wọ́n díẹ̀.

BMW 3 Series tí wọ́n ń pè ní E46, èyí tó jẹ́ 330i, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, agbára ẹṣin 231, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Onílẹ̀kùn méjì wà, onílẹ̀kùn mẹ́rin wà, Touring tó ń gba ẹrù wà. Màmá á wọlé láì bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè kí mẹkáníìkì wo ibi tí irin ẹ̀yìn ti so mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, ibẹ̀ máa ń sán, tó bá sì ti sán, iṣẹ́ wẹ́dà olówó gọbọi ni. Páńpù omi àti táǹkì omi ẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe náà máa ń gbó, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn. Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà rárá, Lexus IS200 rèé, Toyota ló ṣe é, àwa la mọ Toyota jù. Kò sáré bíi BMW yẹn, agbára ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, èyí tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ yí gíá ẹ̀ ní gíá mẹ́fà, àwọn geèjì ẹ̀ sì dà bí ago ọwọ́ olówó.

Mazda RX-8, ahn ahn, eléyìí dùn lójú. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ṣí sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí òpó láàárín, ẹ máa gbé ọmọ wọlé wẹ́rẹ́. Àgbàlagbà gan-an lè jókòó sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn nìkan ni mò ń wò ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ lọ rà á. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ló yàtọ̀, kò ní písítìnì, nǹkan onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ̀, ó sì máa ń jó ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Ẹ gbọ́dọ̀ máa wo ọ́ìlì ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ ẹ bá tan án, tẹ́ ẹ kàn sún un kúrò lọ́nà fún aládùúgbò, tẹ́ ẹ wá pa á kó tó gbóná, epo lè rì í, kó má jó mọ́. Ẹ má rà á láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì rótárì ti wọn agbára ìfúnpọ̀ ẹ̀, geèjì mẹkáníìkì lásán ò lè wọ̀n ọ́n. Epo náà ń kọ́? Á mu yín lówó bí ọmọ yunifásítì.

Ẹ máa bi mí ní Porsche 911. Èyí tí owó ẹ̀ ṣì rọjú díẹ̀ ni 996, tó jáde láàárín 1997 sí 2005. Ìjókòó méjì kékeré wà lẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà méje orí búsítà lè jókòó síbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, búùtù ẹ̀ sì wà níwájú. Ṣùgbọ́n bíárì (bearing) kan wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn tí wọ́n ń pè ní IMS, ọjọ́ tó bá fọ́ ó lè ba gbogbo ẹ́ńjìnì jẹ́, ògiri sílíńdà ẹ̀ náà sì máa ń ha. Ẹni tí ò lè fi owó ẹ́ńjìnì sápá kan, kó fi í sílẹ̀. Ọdún méjì sí i, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ò sì ní gba ibẹ̀ mọ́.

Owó. Ẹ béèrè inṣọ́ránsì kí ẹ tó lọ wo mọ́tò, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, ẹ sì sọ fún wọn tí wọ́n bá ti yí ohunkóhun padà lára ẹ̀. Inṣọ́ránsì mọ́tò àtijọ́ lè dín owó kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gbèdéke sí máìlì tẹ́ ẹ lè rìn, wọ́n á sì ní ẹ gbọ́dọ̀ ní mọ́tò mìíràn, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ fi gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Táàsì ojú títì, ìyẹn owó orí mọ́tò tá à ń san fún ìjọba, wá ní ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kó tó di March 23, 2006, wọ́n fi gbèdéke sí owó ẹ̀, èyí tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ lè san ju £700 lọ lọ́dún. RX-8 alágbára 231 ti January 2006 àti ti June 2006, ìbejì ni wọ́n, owó táàsì wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ burú, ti gba gbogbo ìlú láti August 29, 2023, £12.50 lójúmọ́ fún mọ́tò tí ò bá òfin mu. Mọ́tò petrol láti 2006 sábà máa ń kọjá, àwọn kan tó ti jáde ṣáájú náà ń kọjá, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yẹn yẹ̀ ẹ́ wò lórí wẹ́ẹ̀bù TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tó dúnàádúrà.

Nọ́ńbà yẹn kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí gov.uk níbi ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí máìlì tó wà lórí ẹ̀ lọ́dọọdún, tó bá lọ sílẹ̀ lójijì, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ yí i. Ẹ máa rí ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìpẹtà bá ń jáde lọ́dún mẹ́ta léra, tí ẹni tó ń tà á wá ní ó mọ́ bí àwo, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń jẹ irin mọ́tò níbí, ẹ wo òkè táyà nínú, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ní kó má tan án kí ẹ tó dé, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, ó ní ohun tó ń bò. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí ò lọ tó sì ń rùn bíi nǹkan dídùn, omi ẹ́ńjìnì ni. Ara táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, táyà tó ti pẹ́ jù, kódà tí ojú ẹ̀ bá ṣì dà bíi tuntun, ẹ fi owó tuntun kún ìṣirò. Tí £7,000 bá wà lọ́wọ́, ẹ má ra mọ́tò £7,000 o, ẹ ra ti £5,000, kí ìyókù wà fún àtúnṣe.

Kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, táàsì ò bá mọ́tò lọ mọ́ láti October 2014, owó tó ti san ò kàn yín. Ẹ gba bébà aláwọ̀ ewé ara V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, ẹ fi nọ́ńbà orí ẹ̀ san tiyín lórí fóònù, kí inṣọ́ránsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Kásíìtì ti wà nínú ẹ̀ látàárọ̀, ẹ di àwọn ọmọ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì bi màmá bóyá afẹ́fẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀hún.